Àga Màmá àti Ẹ̀rọ Tí Kò Lórúkọ

Àwọn awakọ̀ tírélà ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà wọ̀lú. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, bí ó bá wo ewúrẹ́ lójú tó sì pè é ní àga, àga ni ewúrẹ́ náà máa jẹ́ títí ọkùnrin náà yóò fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n tún ní oníṣòwò kan kó bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan wọlé, àpótí kún bámúbámú. Ọkùnrin yìí wò ó títí, ó ní èyí kì í ṣe bàtà, nítorí pé ẹsẹ̀ bàtà kan kò lè gbé ọmọ ènìyàn débi kankan. Ti ewúrẹ́ yẹn, mi ò gbà á. Ẹni tó ní òun fojú ara òun rí i ti kọ́kọ́ sọ pé àgùntàn ni. Ṣùgbọ́n ti bàtà yẹn, mo gbà á ní ààbọ̀, nítorí pé èmi àti ìyá ọkùnrin náà jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà nílé àdúrà ni, ẹni bíni là á sì jọ.

Bàbá Ìsọ̀rí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀hún náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ náà rọrùn láti sọ. Gbogbo ohun tó bá gba orí omi wọlé, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ìbáà jẹ́ katakata, ó ní ìsọ̀rí tó bọ́ sí nínú ìwé ńlá kan tó nípọn bí ìrọ̀rí. Ìsọ̀rí yẹn ló ń sọ iye owó bodè tí olówó ẹrù máa san. Bí wọ́n bá ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni, owó rẹ̀ ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá ní búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé ni, owó rẹ̀ ọ̀tọ̀. Ẹni tó máa wá fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni, kì í ṣe tọ̀hún, òun ni Bàbá Ìsọ̀rí. "Abẹ́ kí ni ó bọ́ sí?" ni ìkíni rẹ̀ láàárọ̀, òun náà ni ó dàbọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fáànù kan wà níbẹ̀ tó ti yí ọrùn sọ́dọ̀ ògiri láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni yí òun padà. Lórí pákó tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀ ni ó to àwọn ẹrù tó ti bá a wọ̀jàkadì rí sí: ìgbálẹ̀ tó ní tọ́ọ̀ṣì nídìí, sálúbàtà tó ní aago lára, bọ́ọ̀lù kan tó jẹ́ pé bí o bá ṣí i, agboòrùn ni. Bí àlejò bá wọlé, ó máa ń fi wọ́n hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọdẹ ṣe ń fi agbárí ẹran hàn.

Ó gbé iṣẹ́ náà délé. Nílé ìdáná rẹ̀, ṣíbí tí wọ́n fi ń bu iyọ̀ kò gbọdọ̀ sùn ti ṣíbí tí wọ́n fi ń po tíì. Aṣọ ìnura tí wọ́n fi ń nu ojú àti èyí tí wọ́n fi ń nu ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó rẹ̀, obìnrin onísùúrù kan tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ, bi í léèrè lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń jẹun:

"Bàbá àwọn ọmọ, èmi ńkọ́? Abẹ́ kí ni mo bọ́ sí?"

Ọkọ rẹ̀ gbé ife sílẹ̀, ó wo òrùlé. Kò rẹ́rìn-ín, ó ń ronú ni. Ó ronú títí obìnrin náà fi gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, tó ní kó lọ wá a nínú ìwé ìsọ̀rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà kó rí òun fi síbì kankan, ìyá rẹ̀ ni.

Màmá ti dàgbà. Ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ tún mú ju ojú lọ. Ẹsẹ̀ nìkan ló ní òun ti ṣe tó. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé nílé ọmọ rẹ̀, fèrèsé yàrá náà sì kọjú sí ògiri ará ilé kejì. Màmá ti wo ògiri yẹn débi pé ó mọ ihò tí alángbá kọ̀ọ̀kan ń wọ̀, ó sì mọ èyí tó ń jalè nínú wọn. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti kọṣẹ́, kò dé ilé àdúrà mọ́. Lóòótọ́, ọmọ rẹ̀ pọ̀n ọ́n lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọdé tò tẹ̀ lé wọn lójú ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe délé, Màmá fi ọwọ́ lu èjìká ọmọ rẹ̀.

"Nígbà tí mo pọ̀n ọ́, ọmọ jòjòló ni ọ́. Èmi kì í ṣe ọmọ jòjòló, n kì í sì í ṣe ẹrù. O ò ní gbé mi báyìí mọ́. Bí mi ò bá lè jókòó bí èèyàn láàárín ẹgbẹ́ mi, màá máa bá alángbá gbàdúrà."

Ohun tí obìnrin náà ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ: kó jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kó dá orin, kó rí àwọn tó pẹ́ dé, kó sì fi ojú bá wọn wí.

Àbúrò Bàbá Ìsọ̀rí obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú òkèèrè, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi àga onítáyà ránṣẹ́. Àga náà ní táyà ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kékeré méjì níwájú, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, àti ọwọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n fi ń tì í. Ó gúnlẹ̀ láìfarapa. Bàbá Ìsọ̀rí kò fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀: àga aláìlera ni, ìsọ̀rí rẹ̀ ti wà nínú ìwé láti ayébáyé, kò sì ní owó bodè kankan. Wọ́n lu òǹtẹ̀. Ó ku kí àga jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń kó ẹrù wẹ́wẹ́ sí ní òfin kan: ohunkóhun kò gbọdọ̀ jáde àfi bí aṣọ́nà bá fi síkánà ka ìlà ara rẹ̀. Ẹ ti rí àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà lára páálí bísíkíìtì àti ọṣẹ, tó dà bí òòyà tí eyín rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn ìlà yẹn ló ń sọ ohun tí ẹrù jẹ́. Síkánà sì ni ẹ̀rọ kékeré tó ń tanná pupa sí wọn, tó ń kà wọ́n, tó ń fi ohun tó kà ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bó bá kà á tán, á dún "píì", ọ̀pá tí wọ́n fi dínà á sì gbéra. Nígbà kan, ìwé àti bírò ni aṣọ́nà ń lò. Ṣùgbọ́n àṣẹ dé láti òkè pé ayé ti lajú, kí wọ́n gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ burúkú kan, síkánà kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ọ̀nà bọ́ sínú garawa omi tí aṣọ́nà fi ń bọ́jú. Ó dún "píì" lẹ́ẹ̀kan nísàlẹ̀ omi, bí ẹni ń dágbére, ó sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó jáde nílé ẹrù yẹn mọ́ àfi eku, nítorí pé eku kò ní ìlà lára.

Ilé iṣẹ́ kò sùn o. Wọ́n ra síkánà tuntun láti òkè òkun, páálí kan gbáko. Ó dé. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti òkun dé, ilé ẹrù ló ń wọ̀. Ohun tó bá wọ ilé ẹrù gbọ́dọ̀ ní ìsọ̀rí. Bó bá ní ìsọ̀rí tán, síkánà ló máa kà á jáde. Ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn bá ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ń ṣí. Wọ́n pe ìpàdé lórí ìyẹn nìkan. Wọ́n fẹnu kò pé bí ìsọ̀rí bá ti wà, wọ́n máa tú páálí náà nínú ilé ẹrù níbẹ̀, kí síkánà tuntun ka ara rẹ̀ jáde. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún ọgbọ́n yẹn.

Ó wá ku ìsọ̀rí. Ẹ má sì béèrè ohun tí wọ́n pe síkánà àkọ́kọ́ nígbà tí òun ń wọlé. Inú páálí kan náà ni òun àti kọ̀ǹpútà jọ wà, ó rọra tẹ̀ lé e kọjá bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ẹnikẹ́ni kò sì bi í ní ohunkóhun.

Àga Màmá wà ní igun ilé ẹrù. Nígbà tí àyè kò sí, wọ́n gbé páálí síkánà tuntun náà lé ìjókòó rẹ̀. Ní àràárọ̀ tí Bàbá Ìsọ̀rí bá kọjá, á rí páálí tó jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí àga ìyá òun.

Òfin ibẹ̀ ni pé ohun tí kò bá tíì ní orúkọ nínú ìwé, èèyàn mẹ́ta ló máa fẹnu kò lé e lórí níwájú Ọ̀gá Àgbà. Ẹni kìíní ni Sájẹ́ńtì, tó ń ṣí páálí wò. Ó ti ṣe ológun rí, ojú rẹ̀ kò sì tíì ti ogun dé. Nígbà tó ṣí páálí náà, ó rí ohun dúdú tó ní ọwọ́ ìdìmú, tó ní ibi tí ìka ń fà, tó ní ẹnu níwájú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: "Ohun tó jọ ìbọn ìléwọ́." Nílé iṣẹ́ yẹn, ohun tí ayẹrùwò bá kọ́kọ́ kọ kì í parẹ́. Àlàyé nìkan ni wọ́n lè ṣe lé e lórí. Ẹni kejì ni Akápò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ pé bó bá ń kí èèyàn, àpò ẹni ló ń wò. Ẹni kẹta ni Bàbá Ìsọ̀rí. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́ tó so awò ojú mọ́ ọrùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ nípàdé, "Ẹ jẹ́ ká tún un wò." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dé ipò tó wà.

"Ẹ fà á, kí ẹ wò ó bóyá ọta máa jáde," ni Bàbá Ìsọ̀rí wí nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní yàrá rẹ̀ lókè ilé ẹrù, tí páálí náà wà níwájú wọn.

Sájẹ́ńtì mi orí. "Ìbọn tí kò yìn lónìí lè yìn lọ́la. Mo ti rí i rí."

"Iná pupa ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, Sájẹ́ńtì. Iná lásán."

"Nígbà tí iná bá ti ń jáde lẹ́nu nǹkan, kí lẹ fẹ́ kí n pè é? Àtùpà?"

Akápò dá sí i. "Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Ohun tó bá ń wo nǹkan, tó sì ń mọ bó ṣe rí, kámẹ́rà ni. Owó bodè kámẹ́rà sì ga dáadáa."

"Ta ló máa san owó ọ̀hún?" Bàbá Ìsọ̀rí bi í. "Ṣebí àwa la ni ẹrù."

"Àwa náà la máa san án."

"Fún ta?"

"Fún wa." Akápò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó máa kúrò nínú àpò ọ̀tún bọ́ sí àpò òsì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka ìròyìn lópin ọdún, wọ́n á ní a pawó wọlé."

"Kì í ya àwòrán," ni Bàbá Ìsọ̀rí wí, ó ti ń laagùn. "Kì í yìnbọn. Kíkà ló ń kà, kọ̀ǹpútà ló sì ń kà á fún. Ojú tí kọ̀ǹpútà fi ń ríran ni, abẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì bọ́ sí. A kì í fi ìrísí sọ nǹkan lórúkọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ ìrísí ni, Sájẹ́ńtì náà jọ bíṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ jẹ́ ká tún un wò," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

Wọ́n tún un wò. Ìpàdé bí ìpàdé, ìpàdé bí ọmọ-ọmọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí òkè, òkè ní kí wọ́n padà sísàlẹ̀. Nílé, Màmá kì í béèrè ọ̀rọ̀ síkánà. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, "Páálí yẹn ṣì jókòó sórí àga mi?" Ọmọ rẹ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá á ní, "Bá mi kí i. Sọ fún un kó má fi ìdí ya aṣọ ìjókòó mi."

Nígbà tó ṣe, ó rẹ gbogbo wọn. Sájẹ́ńtì gbà láti ṣe àlàyé lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí: "Ohun tó jọ ìbọn, tí kì í yìn, tó mọ̀wé kà." Akápò rí i pé ẹrù kò jáde, owó kò wọlé, nítorí náà ó gbà. Ọ̀gá Àgbà fi awò sójú, ó ṣí gègé. Bàbá Ìsọ̀rí ti ń wo àga ìyá rẹ̀ lọ́kàn, ó ti ń rí i níwájú ilé àdúrà.

Ibẹ̀ ni ìwà ẹni ti í pe ẹni.

Ó ní kí òun da àwọn síkánà náà padà sínú páálí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bó ṣe gbé èyí tó gbẹ̀yìn, ó rí i pé kò ní wáyà. Ó yí i padà. Ó ní gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré lójú, ó ní nọ́ńbà tí wọ́n lè tẹ̀, ó ní bátìrì nínú. Ọlọ́run tó dá a mọ̀ pé ó yẹ kó jù ú sínú páálí kó pa á dé. Ẹlòmíràn ì bá jù ú. Ọ̀rọ̀ náà yún un lọ́fun.

"Ẹ dúró ná," ni ó wí.

Gègé Ọ̀gá Àgbà dúró sínú afẹ́fẹ́.

"Èyí kò nílò kọ̀ǹpútà. Fúnra rẹ̀ ló ń kà, fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú ohun tó kà. A ò lè pe èyí ní ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Kọ̀ǹpútà ni òun alára. Ìyẹn ni pé nínú páálí yìí, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ní."

Fáànù nìkan ló ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, Akápò ní bó bá jẹ́ pé nǹkan ti di méjì, kámẹ́rà òun ṣì wà nílẹ̀ o. Sájẹ́ńtì ní òun fa àlàyé òun sẹ́yìn. Ọ̀gá Àgbà dé gègé rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká tún un wò."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ìsọ̀rí jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn ìyá rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Màmá gbọ́ ọ tán láìdá a lẹ́nu dúró, ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀.

"Òtítọ́ ni mo sọ, Màmá."

"Mo mọ̀. Òtítọ́ ò ní kó o má panu mọ́." Ó fa aṣọ bo orúnkún. "Ọlọ́run kó gbogbo ẹranko wá síwájú Ádámù, ohun tó pe kálukú náà ló ń jẹ́. Àbí o gbọ́ pé erin jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà, pé ó ń dúró de ìgbìmọ̀?"

"Ádámù ò ní Akápò lọ́fíìsì rẹ̀, Màmá."

"Ó ní ejò."

Màmá wo ògiri ìta títí, ó wá yí ojú padà.

"Olówó ẹrù ńkọ́? Òfin yín ò ní kó wo ẹrù rẹ̀?"

"Ó lè wò ó. Kódà, ó lè dán an wò nínú ilé ẹrù, kó lè mọ̀ bóyá ó bàjẹ́ lójú omi."

"Orúkọ ta ló wà lára àga yẹn?"

"Tiyín ni, Màmá."

"Ó dáa. Wá mọ́tò dè mí lọ́la. Ọ̀la gan-an ni ẹgbẹ́ wa ń pàdé nílé àdúrà, màá tibẹ̀ kọjá. Mo mọ̀ pé mo ní o ò ní gbé mi bí ẹrù mọ́. O lè gbé mi lọ́la, nítorí pé ibi ẹrù là ń lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá wọ aṣọ funfun, ó wé gèlè, ó sì gbé ìwé orin sábẹ́ apá. Ọmọ rẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó gbé e wọ ilé ẹrù gìrìwò náà, níbi tí páánù òrùlé ti ń ta pàà pàà nínú oòrùn, tí òórùn páálí àti dísẹ́ẹ̀lì sì kún imú. Sájẹ́ńtì wo ìwé àṣẹ àyẹ̀wò, kò rí àléébù kan níbẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ gbé páálí síkánà kúrò lórí ìjókòó, ó fi ọwọ́ nu ekuru. Wọ́n gbé Màmá lé àga.

Màmá fi ẹsẹ̀ sí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Ó di táyà mú, ó yí i síwájú díẹ̀, ó yí i sẹ́yìn. Ó yí i sápá ọ̀tún, ó rí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ògiri níwájú rẹ̀. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọmọ rẹ̀ mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì wo ibòmíràn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni Màmá wí nígbà tó parí. "Àga yìí dáa."

"A dúpẹ́, Màmá," Sájẹ́ńtì tẹrí ba. "Ẹ ti dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí n gbé páálí padà."

"Kí n dìde? Ọmọ mi, bí mo bá lè dìde, kí ni mo fẹ́ fi àga ṣe?"

Sájẹ́ńtì wo Bàbá Ìsọ̀rí. Bàbá Ìsọ̀rí ń wo bàtà ara rẹ̀. Sájẹ́ńtì ránṣẹ́ pe Akápò. Akápò dé, ó yí àga náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó ti jókòó sí i," ni ó wí. "Ó ti di àlòkù nìyẹn. Àlòkù ní owó bodè tirẹ̀."

"Ta lò ń pè ní àlòkù?" ni Màmá bi í.

"Àga ni, Màmá. Àga ni mo ń bá wí."

Ọ̀gá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, báàgì rẹ̀ wà lápá. Ó kí Màmá dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé, lẹ́yìn náà ó fi awò sójú. "Bàbá Ìsọ̀rí, ẹ bá wa dá sí i. Àga tí èèyàn ti wà lórí rẹ̀, abẹ́ kí ni ó bọ́ sí?"

Bàbá Ìsọ̀rí gbójú sókè. Ìbéèrè náà dára, kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. "Ohun tó bá wà lára èèyàn nígbà tó ń kọjá, tó fi ń gbé ara rẹ̀ ró, ẹrù ara ẹni ni. Bí ọ̀pá ìtilẹ̀, bí awò ojú, bí eyín àtọwọ́dá. A kì í ka ìlà lára eyín ẹni lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹnu ni eyín wà," ni Akápò wí. "Àga ò sí lẹ́nu."

"Ọ̀pá náà ò sí lẹ́nu."

"Ọ̀pá ò ní táyà!" Sájẹ́ńtì ti fa bírò yọ. "Ohun tó bá ní táyà mẹ́rin, tí èèyàn jókòó sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó jọ ọkọ̀."

"Gbé bírò yẹn jìnnà sí mi o," ni Màmá wí.

"Bó bá jẹ́ ọkọ̀," Akápò ń fi ìka gún afẹ́fẹ́, "Màmá fúnra wọn ńkọ́? Ṣé awakọ̀ ni wọ́n, àbí wọ́n bá ọkọ̀ dé nínú páálí?"

"Ṣọ́ ẹnu rẹ níwájú àgbà!" ni Sájẹ́ńtì ké mọ́ ọn.

"Ìbéèrè iṣẹ́ ni, ẹ̀yin ẹ sọ ibi tí wọ́n bọ́ sí!"

"Ẹ jẹ́ ká tún un wò," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ṣùgbọ́n ohùn àwọn méjèèjì ti bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń pariwo yìí, nǹkan kan sọ sí Bàbá Ìsọ̀rí lọ́kàn. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé ńlá náà, pé ẹni tó bá ti òkè òkun dé pẹ̀lú ẹrù ara rẹ̀ nìkan ni òfin ẹrù ara ẹni wà fún. Ìyá rẹ̀ kò sì ti òkè òkun kankan dé. Omi tí Màmá rékọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà kò ju gọ́tà iwájú ilé lọ. Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ọ̀rọ̀ náà gòkè, ó dé ẹ̀yìn eyín. Ó la ẹnu.

Màmá yí ọrùn padà, ó wò ó. Bó ṣe máa ń wò ó nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọdé, bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà lọ́wọ́.

Bàbá Ìsọ̀rí pa ẹnu dé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí oògùn kíkorò, ó di ọwọ́ àga méjèèjì mú, ó sì tì í.

Àwọn táyà kékeré ń dún fín-ín-fín-ín lórí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn wọn, Akápò ń béèrè bóyá ẹṣin tí èèyàn gùn jẹ́ ẹranko àbí ọkọ̀, Sájẹ́ńtì ń dá a lóhùn pé òun ti gun ẹṣin rí, kò ní táyà. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí i pé àga kò sí láàárín wọn mọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ́nà dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa rẹ̀.

"Bàbá, síkánà ò sí o. Bí wọ́n bá bi mí, kí ni kí n ní ó jáde?"

"Ìyá mi."

Aṣọ́nà wo Màmá. Màmá kí i, ó bi í bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ síléèwé. Aṣọ́nà ní wọ́n ń lọ, mà. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ kan gbé ọ̀pá tí wọ́n ní síkánà nìkan ló lè gbé. Ó fúyẹ́ bí igi ìgbálẹ̀.

"Bàbá Ìsọ̀rí!" Ohùn Ọ̀gá Àgbà ni, láti inú ilé ẹrù wá. "A ò tíì parí! Ẹ padà wá sọ fún wa, bí wọ́n bá yọ táyà rẹ̀, abẹ́ kí ni ó máa bọ́ sí?"

Ẹsẹ̀ Bàbá Ìsọ̀rí falẹ̀. Ìbéèrè yẹn dára púpọ̀.

"Má wẹ̀yìn," ni Màmá wí láìyí ojú padà, ó ti ń ṣí ìwé orin rẹ̀. "Ìyàwó Lọ́ọ̀tì wẹ̀yìn. O mọ ohun tó dà."

"Ó di ọ̀wọ̀n iyọ̀, Màmá." Ó tì í díẹ̀ síwájú. "Ṣé iyọ̀ jíjẹ ni, àbí èyí tí wọ́n fi ń..."

"Ọmọ mi, tì mí. Ẹgbẹ́ mi ti ń dá orin."